Bí a ṣe ń jó irin líle pọ̀ tí kò fi ní sán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta

Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, tí mo sì yá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Adó-Èkìtì, ìyá kan tó ń ṣe gàrí ní ọ̀nà Ìyìn gbé ọ̀pá ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá bá mi. Ọ̀pá náà nípọn tó mìlímítà 50, ó sì ti kán sí méjì nítòsí ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí i. Mo lọ ojú rẹ̀ díẹ̀, mo mú ẹlẹ́ktróòdù (ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń jó irin pọ̀) 6013 tó wà nílẹ̀, mo jó o yíká títí tó fi wú bí ikùn aláboyún, mo sì da omi sí i kó lè tètè tutù nítorí pé ìyá náà dúró tì mí. Ọjọ́ méjì péré ló lò ó. Nígbà tó gbé e padà wá, kò bínú, ó kàn fi ìka han ibi tó kán, ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí o jó kọ́ ló kán o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni." Òótọ́ ló sọ. Wẹ́ẹ̀dì mi ṣì wà digbí lójú ọ̀pá; irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló gé, ojú tó gé náà ń dán, ó sì rí wóró-wóró bí iyọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì yẹn. Ẹni tó bá ń jó géètì àti bọ́gúlárì pọ̀ lè má nílò rẹ̀, nítorí irin rírọ̀ máa ń dárí ji èèyàn. Àmọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ, eyín katapílà àti abẹ́ tírélà kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ìdílé irin kan náà ni àwọn wọ̀nyí àti irin tí wọ́n fi ń ṣe egungun bàálù kékeré. Òfin tó de ọ̀kan ló de èkejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́ẹ̀dì

Àwọn alágbẹ̀dẹ Ìrè-Èkìtì, ìlú tí wọ́n ti ń pe Ògún ní Oníre, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí lọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnu àdá le, wọ́n á fi í sínú iná títí tí yóò fi pọ́n, wọ́n á sì rì í bọ omi. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò le jù, yóò sì máa já wẹ́wẹ́ bí ó bá bá gbòǹgbò pàdé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá a padà sójú iná díẹ̀ kó lè rọ̀ lọ́wọ́. Ohun kan náà ni wẹ́ẹ̀dì ń ṣe. Iná ẹlẹ́ktróòdù ń sọ ojú kékeré kan di pípọ́n láàárín ìṣẹ́jú àáyá, irin tútù tó nípọn tó wà yí i ká sì ń fa ooru náà mu kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rì í bọ omi. Tí kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú irin le, bá pọ̀ nínú irin náà, ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì yóò le bí awo, kò sì ní lè tẹ̀.

Líle nìkan kọ́ ló ń pa á. Ọ̀tá kejì ni háídírójìn, afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ, tó máa ń jáde láti inú omi, epo, ọ̀dà àti ìpẹtà tí iná bá jó. Ó ń wọ inú irin yíyọ́ wẹ́rẹ́. Bí irin náà bá sì ti dì, kò ní ọ̀nà láti jáde mọ́, àfi kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi tó le jù. Ọ̀tá kẹta ni fífà: wẹ́ẹ̀dì tó ń tutù ń súnkì, ó sì ń fa irin tó wà ní ọ̀tún àti òsì mọ́ra. Nígbà tí líle, háídírójìn àti fífà bá pàdé, tí irin náà sì ti tutù ju bíi 150°C lọ, ó lè sán. Kò sì ní sán lójú yín. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà, ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí ẹ ti gba owó yín tán. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń yọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà kúrò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín

Bí oníbàárà bá ra ọ̀pá náà ní tuntun, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà rẹ̀. Nínú nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́rin tí wọ́n ń kọ sára irin, méjì tó kẹ́yìn ló ń sọ ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù: 1045 ní bíi 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún, 4140 ní 0.40, 4130 sì ní 0.30. Nọ́ńbà 41 tó ṣáájú nínú 4140 àti 4130 ń sọ fún yín pé èròjà chromium àti molybdenum wà nínú wọn, àwọn náà sì ń mú irin le.

Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe láti kó gbogbo èròjà wọ̀nyí pọ̀ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ mú kábọ́ọ̀nù. Ẹ pín manganese sí mẹ́fà, ẹ fi kún un. Ẹ ro chromium, molybdenum àti vanadium pọ̀, ẹ pín in sí márùn-ún, ẹ fi kún un. Ẹ ro nickel àti bàbà pọ̀, ẹ pín in sí 15, ẹ sì fi kún un. Ẹ jẹ́ ká dán 4140 wò: 0.40, pẹ̀lú manganese 0.90 tí a pín sí mẹ́fà tó jẹ́ 0.15, pẹ̀lú chromium 1.0 àti molybdenum 0.2 tí a pín sí márùn-ún tó jẹ́ 0.24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.79. Ti 1045 máa ń wà ní àyíká 0.58, ti irin rírọ̀ tí a fi ń ṣe géètì kì í sì í sábà kọjá 0.30. Bí nọ́ńbà náà kò bá tó 0.40, ẹ lè jó o bí ẹ ṣe ń jó irin gbogbo. Láti 0.45 lọ sókè, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá irin náà níná. Bó bá ti kọjá 0.60, tí ẹ kò bá ní ohun èlò tí a ó dárúkọ, ó sàn kí ẹ dá a padà fún onítọ̀hún.

Àmọ́ ta ló ń kọ nọ́ńbà sára irin tí a rà nídìí àwọn tó ń ta àlòkù? Fáìlì àti ẹ̀ta iná rẹ̀ ni a ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ mú fáìlì ọwọ́ tó mú, ẹ fi fá etí irin náà: bó bá jẹ ẹ́ wọ̀ọ̀, ó lè jẹ́ irin rírọ̀, bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni fá ojú ìgò, ó ti le. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin kàn án, kí ẹ sì wo ẹ̀ta iná. Irin rírọ̀ máa ń ta ìlà gígùn, tààrà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fọ́nká. Irin tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ta ìlà kúkúrú tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìràwọ̀ lẹ́nu. Ẹ gé irin 1045 kan tí ẹ mọ̀ dájú àti irin géètì kan, kí ẹ so wọ́n mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ lè máa fi ẹ̀ta iná wọn wé ti èyí tí oníbàárà bá gbé wá. Ojú yín yóò mọ̀ ọ́n láàárín oṣù kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn èyí tí kò yẹ kí a jó rárá

Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ní kábọ́ọ̀nù tó nǹkan bíi 0.60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ti yá a níná kó lè máa tẹ̀, kó sì máa padà. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi ẹlẹ́ktróòdù kàn án, ẹ ti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù láti dá a padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá sítíárì, ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, àti sìlíńdà gáàsì. Mo mọ̀ pé awakọ̀ yóò bẹ̀ yín, yóò ní òun fẹ́ dé Ìkọ̀lé lásán ni. Ẹ ní kó lọ ra tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹlẹ́ktróòdù

Ibí yìí ni àwa awẹ́dà Èkìtì ti ń ṣe àṣìṣe jù, nítorí náà n ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹlẹ́ktróòdù 6013 tí gbogbo wa fẹ́ràn rọrùn láti tàn, ojú rẹ̀ sì máa ń dán, àmọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ìyẹn ohun tó bò ó lára, ní ọ̀rinrin nínú láti ilé iṣẹ́ wá. Fún irin líle, 7018 ni kí ẹ lò. Nọ́ńbà 70 ń sọ pé wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè gba agbára fífà 70,000 pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, 1 ń sọ pé ẹ lè fi jó o ní gbogbo ìdúró, 8 sì ń tọ́ka sí irú ẹ̀wù rẹ̀, èyí tí kì í mú háídírójìn púpọ̀ wá.

Àmọ́ ẹ̀wù 7018 ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń fa omi lóṣù keje. Àwọn ìlànà iṣẹ́ irin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà kò gbà kí ó wà níta ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ààrò kékeré tó ń gbóná tó 120°C sí 150°C. Èyí tó bá sì ti fa ọ̀rinrin, wọ́n á tún un yan ní nǹkan bíi 350°C fún wákàtí kan. Gílóòbù iná inú àpótí tí àwọn kan ń lò lè jẹ́ kí èyí tó gbẹ tẹ́lẹ̀ wà ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò lè yan èyí tó ti rin. Bẹ́ẹ̀ ni ààrò búrẹ́dì kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí kò ní ààrò ni pé kó ra páálí kékeré tí wọ́n dì pa mọ́ afẹ́fẹ́, kó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lò ó, kó sì fi èyí tó bá ṣẹ́ kù jó géètì.

Bí ẹ kò bá lè mọ irin náà, tó sì ń ta ìràwọ̀ gidigidi, ẹlẹ́ktróòdù alágbára tí wọ́n ń pè ní 312 wà. Ìdílé irin tí kì í dípẹtà ni, chromium tó bíi 29 àti nickel tó bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀. Wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó já, ó sì máa ń mú háídírójìn mọ́ra tí kò fi ní lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó wọ́n. Fún ọ̀pá ìyá onígàrí, 7018 tó gbẹ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìmúrasílẹ̀ ojú irin

Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin lọ orí ọ̀pá méjèèjì títí wọn yóò fi rí bí ẹnu pẹ́ńsùlù, kí ojú tó ṣí sílẹ̀ láàárín wọn tó 60 dígírì, kí ẹ má sì jẹ́ kí góńgó rẹ̀ mú jù: ẹ fi mìlímítà méjì sílẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Àlàfo mìlímítà méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ẹ fọ epo, gíríìsì àti ọ̀dà kúrò, kí ẹ sì lọ ìpẹtà dànù títí tó ínṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ máa ń mu omi ẹ̀gẹ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá rí èéfín funfun tó ń rú nígbà tí ẹ bá ń yá a níná, kò tíì mọ́.

Kí ọ̀pá má bàa wọ́, ẹ tẹ́ méjèèjì sínú áńgù irin gígùn kan tí ẹ dojú rẹ̀ sókè, kí ẹ sì dì wọ́n mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ojú pẹlẹbẹ ni, tó sán ṣùgbọ́n tí kò tíì já, ẹ lu ihò kékeré kan sí ìparí ibi tó sán kí ẹ tó lọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru yóò sún un síwájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíyá irin níná

Fún 1045 tó nípọn tó mìlímítà 50, ẹ gbé e dé 200°C. Fún 4140, ẹ gbé e dé àárín 250°C sí 300°C. Ẹ máa fi iná gáàsì rìn yí i ká, tó ínṣì mẹ́ta sí ọ̀tún àti òsì, kí iná má dúró lójú kan. Ojú òde máa ń purọ́. Ẹ gbé iná kúrò, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ooru lè wọ inú, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ibi tí iná kò ti fẹ́ sí tààrà ni kí ẹ sì ti wọ̀n ọ́n.

Ṣọ́ọ̀kì ìwọ̀n ooru wà tó máa ń yọ́ bí irin bá ti dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ lọ ojú kékeré kan kó funfun, kí ẹ sì ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bíi 220°C, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí gàrí tí wọ́n ta epo díẹ̀ sí. Ní 280°C, yóò di àlùkò. Ní 300°C, yóò dúdú bí aró. Tí ẹ bá rí aró, ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ kan nípa iná mànàmáná: bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ṣe ìdajì iṣẹ́, irin náà yóò máa tutù, fífà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fi ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí epo rẹ̀ sì kún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: jíjó gan-an

Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń mú iná DC (iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo) jáde, kí wáyà ẹlẹ́ktróòdù wà lójú pósítíìfù. Ẹ̀rọ ìbílẹ̀ tí a fi wáyà wé nínú ọ́ìlì lè máà tan 7018 dáadáa. Fún ẹlẹ́ktróòdù mìlímítà 3.2, ámpíà 100 sí 140 yóò tó. Àwọn ojú tí ẹ kọ́kọ́ fi mú un pọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ wà lórí irin tó ti gbóná. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi wọ́n lé irin tútù, wọ́n á sì sán kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ẹlẹ́ktróòdù súnmọ́ irin dáadáa, bí ẹni fẹ́ kàn án. Bí ẹ bá gbé e jìnnà, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, ihò wẹ́wẹ́ yóò sì kún inú wẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tàn, ẹ tàn án níwájú ibi tí ẹ dé, kí ẹ fà á padà sẹ́yìn, kí ẹ sì gùn ún lórí. Ẹ má jó o yíká lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ti ṣe: ẹ jó òkè díẹ̀, ẹ yí ọ̀pá padà, ẹ jó ìsàlẹ̀, kí fífà ọ̀tún lè dá ti òsì dúró. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ gbá ìdàrọ́, èérí tó dì sójú wẹ́ẹ̀dì, kúrò pátápátá, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá a, kí ẹ sì wọn ooru rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju iye tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ gòkè púpọ̀ ju 300°C.

Ẹ má fi ẹlẹ́ktróòdù ta irin níbi tí kò ti yẹ, ẹ má sì jó ohun kékeré mọ́ ọn nítorí pé ó wù yín. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ epo kan tó wà lórí òkun ilẹ̀ Norway, Alexander L. Kielland, dojú dé, èèyàn 123 sì kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ibi tó kọ́kọ́ sán ni wẹ́ẹ̀dì mìlímítà mẹ́fà tí wọ́n fi de ìdìmú ohun èlò kékeré kan mọ́ òpó ńlá. Òpó kò mọ̀ pé ohun kékeré ni wọ́n jó mọ́ òun.

Ìgbésẹ̀ keje: títutù

Omi kọ́, afẹ́fẹ́ fáànù kọ́, ilẹ̀ tútù sì kọ́. Bí ẹ bá ti parí, ẹ má jẹ́ kó tutù rárá: ẹ máa fi iná gáàsì mú un dúró ní 250°C fún wákàtí kan tàbí méjì, nítorí pé ní ìwọ̀n yẹn háídírójìn ṣì lè rìn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ bò ó mọ́ inú eérú gbígbẹ nínú dúrọ́ọ̀mù. Eérú tí mò ń lò, ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa ni mo ti ń kó o. Mo máa ń yan án lórí páànù kí n tó lò ó, nítorí eérú tó rin ti di omi. Mo bò ó ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń yọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lóṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi eérú náà kún un, kó bò ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àyẹ̀wò

Ẹ má ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ jó o kí ẹ sì sọ pé ó ti dára. Ẹ dúró fún wákàtí 48 ó kéré tán. Ẹ fá ojú rẹ̀ mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì lọ ẹfun kúnná, kí ẹ pò ó, kí ẹ fi kùn ún tínrín. Bí ó bá sán níbì kan, kẹrosíìnì tó ti wọnú rẹ̀ yóò jáde, yóò sì fa ìlà dúdú bí irun orí sójú ẹfun náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wẹ́ẹ̀dì ju àárín rẹ̀ lọ. Bó bá sán, ẹ má fi wẹ́ẹ̀dì míì bò ó. Ẹ lọ ọ́ dànù títí dé ìdí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kẹrin.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ọ̀pá padà, ẹ sọ fún oníbàárà pé kó má fa bẹ́líìtì le jù, torí fífà bẹ́líìtì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kán ọ̀pá níbẹ̀. Ẹ ní kó dá ẹ̀rọ dúró lẹ́yìn ọjọ́ kìíní iṣẹ́, kó nu ojú wẹ́ẹ̀dì, kó sì fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Ìyá ọ̀nà Ìyìn ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá kejì tí mo jó fún un ti lò ju ọdún mẹ́fà lọ.